Ọdún Tí Jahi Fòfin De Abaji

Iṣẹ́ tí ìjọba gbà mí fún ní Abuja ni kí n máa bá Nàìjíríà kọ ìbínú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ni mo wà, nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ti kú kí n tó débẹ̀, èmi ni mo sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá mi ń lọ kà níwájú àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé. Bí àwọn alágbára ayé bá ti fòfin de orílẹ̀-èdè kékeré kan, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá a rà, kí ẹnikẹ́ni má bá a tà, kí báńkì má gba owó rẹ̀ wọlé, èmi ni wọ́n máa ń pè. Sáńṣọ̀n ni a ń pe irú òfin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa. Mo ti bú u débi pé mo lè bú u lójú oorun. Mo máa ń kọ ọ́ pé àwọn tó fi pàṣán gba ilẹ̀ wa níjọ́sí ló ń fi ebi gbà á báyìí. Mo máa ń kọ ọ́ pé inú yàrá tí ọmọ Áfíríkà kankan kò jókòó sí ni wọ́n ti kọ òfin àgbáyé, tí wọ́n pín ayé sí àwọn tí ojú wọn ti là àti àwa yòókù. Lẹ́yìn náà ni màá kọ ọ́ pé ẹni tí sáńṣọ̀n ń pa kì í ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè, ìyá arúgbó tó ń wá oògùn kiri ni. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ sí ìyá arúgbó yẹn gan-an. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń fi í sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó yá, àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà lápá òkè. Kíá, àwa àti àwọn aládùúgbò wa ti ẹnubodè mọ́ wọn, a já iná mànàmáná wọn, a di owó wọn mọ́ báńkì. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi yé gbogbo ayé pé ohun tí a ṣe dára. Mo bi í pé kí ni ká ṣe sí ìyá arúgbó. Ó wò mí títí.

"Yọ ọ́ kúrò," ó ní.

Mo yọ ọ́ kúrò. Fáìlì méjèèjì wà lórí tábìlì mi kan náà, ọ̀kan ní sáńṣọ̀n burú, èkejì ní ó dáa, wọn ò sì bá ara wọn jà rí. Ní Mpape tí mò ń gbé, ọkùnrin tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́bàá ọ̀nà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yẹn. Mo máa ń kí i ní "Sànnu", òun náà á ní "Yauwa", á bu ẹ̀rín. Ní àkókò yẹn kò rẹ́rìn-ín. "Kai, Madam," ó ní, "my mama dey there. Light no dey. Who cut am?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo ra àlùbọ́sà púpọ̀ ju èyí tí mo lè jẹ tán lọ, ìdajì rẹ̀ rà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan ni mo fẹ́ sọ. Ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni.

Ọmọ Okun ni wá, láti ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi. Bí ẹ bá ń wá wa ní Abuja, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù ni ẹ máa bá wa pọ̀, nínú gbọ̀ngàn kan tí a yá ní Jahi. Ibẹ̀ ni a ti ń sọ èdè ìlú wa tó ti ń dípẹtà lẹ́nu wa. Àwọn ọmọ wa á máa sáré kiri níta, wọ́n á máa fi òyìnbó bú ara wọn. Bí a bá fi èdè ilé pè wọ́n, wọ́n á gbọ́, wọn ò kàn ní dáhùn ni. Jahi ni olú ẹgbẹ́, ẹ̀ka sì wà káàkiri. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ẹ̀ka náà ni ti Abaji, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń dáko iṣu kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé sí Jahi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń dáko níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni Màmá wa sì ń gbé. Màmá ti wá sọ́dọ̀ mi ní Mpape rí, kò pẹ́ tó fi padà. Ó ní òkúta tí wọ́n ń fọ́ lórí òkè kì í jẹ́ kí òun gbọ́ àdúrà tí òun ń gbà.

Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ wa fi ń yangàn ju gbogbo ẹgbẹ́ ìlú yòókù lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn dókítà ojú tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń kó irinṣẹ́ wọn wá sí Jahi fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹgbẹ́ á yá ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn fún wọn, wọ́n á sì máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún àwọn àgbà wa lọ́fẹ̀ẹ́. Káàdì ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè, èyí tí alága ẹ̀ka rẹ bá ti fọwọ́ sí fún ọdún náà. Àṣà wa nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹni tí alága ẹ̀ka rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí káàdì rẹ̀, àlejò ni, bí wọ́n tilẹ̀ bí òun àti ààrẹ ẹgbẹ́ sínú agboolé kan náà.

Lọ́dún tó ṣáájú ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, wọ́n ti yẹ ojú Màmá wò. Ojú òsì ti lọ tipẹ́. Ojú ọ̀tún ló kù, awọ funfun kan sì ti ń bò ó. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ àti Màmá jọ ń pọnmi lódò nígbà èwe wọn. Ó ní awọ náà kò tíì tó yọ, kí a mú Màmá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ká má jẹ́ kí ọdún náà kọjá o. "Bó bá gbó jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojú láti inú," ó ní. "Bó bá sì ti bà á jẹ́ nínú, kò sí dókítà tó lè tún un ṣe mọ́." Èdè ìlú wa pọ́ńbélé ni Màmá ń sọ, èmi ni mò ń tún un kọ síbí kó lè yé gbogbo èèyàn. Ó fọwọ́ kan dókítà náà lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Mo gbọ́," ó ní. "Wọ́n ní o lẹ́wà, ṣùgbọ́n n ò ní tíì sọ nǹkan kan. Ó di ọdún tó ń bọ̀ tí mo bá rí ẹ."

Kọ́kọ́rọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Alága tó wà ní Abaji ti jẹ oyè náà pẹ́ débi pé ó ti gbàgbé pé wọ́n yàn án ni. Jahi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í jiyàn. Àwọn ará Abaji ní òjò ń wọ gbọ̀ngàn àwọn, alága ń wò ó, ó sú àwọn. Nígbà tó di ọjọ́ ìpàdé kan, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọkùnrin kan tó ń ta iṣu rọ́pò rẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá wọ́n lu bàbá náà. Ó ní wọn ò lù ú rárá, wọ́n tilẹ̀ sìn ín délé, wọ́n sì gbé iṣu lé e lọ́wọ́. Àmọ́ kí ìròyìn náà tó dé Jahi, ó ti di ìfipágbàjọba.

Ààrẹ ẹgbẹ́ wa ni a ń pè ní Bàbá Aṣojú. Ó ti ṣe aṣojú ìjọba ní ilẹ̀ òkèèrè rí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Bó bá ní kí ẹ bá òun mú iyọ̀ wá, ẹ máa rò pé àpéjọ àgbáyé ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, n ò ní purọ́. Ó ní ìtàn kan tó máa ń sọ, nípa ọjọ́ tó dìde láàárín àwọn òyìnbó tó bi wọ́n pé ta ló fi wọ́n ṣe olùkọ́ lórí wa, tí wọ́n ń na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gba nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Ìtàn náà dùn. Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo mọ ibi tó ti máa wúkọ́.

Ní ìpàdé oṣù yẹn, Bàbá Aṣojú wọ awò ojú rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ Abaji kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ọ̀rọ̀ ìlànà ni. Ó ka ohun tí ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò sí. Ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ yọjú sí ayẹyẹ Abaji. Owó tí Abaji ti dá sí àpò Jahi yóò wà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fún wọn. Jahi kò dá ìbuwọ́lù alága tuntun wọn mọ̀ lórí ohunkóhun. Ẹni tó bá sì bá wọn yẹ òfin yìí sílẹ̀, òun náà ti di ará Abaji nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera kò sí nínú rẹ̀," ó ní. "Àwa kì í ṣe òyìnbó. Àwa kì í fi àìsàn jà."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ náà. Ẹnu àtẹ́wọ́ yẹn ni mo wà tí ọ̀rọ̀ káàdì fi sọ sí mi lọ́kàn. Mo nàwọ́.

"Bàbá, àwọn àgbà Abaji tó fẹ́ wá ṣe ojú, ta ló máa fọwọ́ sí káàdì wọn?"

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló dá mi lóhùn. "Alága ẹ̀ka wọn ni."

"Alága tí ẹ ò dá ìbuwọ́lù rẹ̀ mọ̀?"

Bàbá Aṣojú bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni mo béèrè, òun sì ti ronú nípa rẹ̀. Wọ́n máa yan ìgbìmọ̀ ìyọ̀ǹda, tí yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn Abaji wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ náà máa jókòó? Oṣù tó ń bọ̀. Mo ní àwọn dókítà á ti lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní ìlànà ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, kò sì sí ẹni tó bá mi rín in.

Mo mọ ẹ̀tàn yìí bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé mi. Mo ti kọ ọ́ mọ́ àwọn òyìnbó lọ́rùn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á ní oògùn kò sí nínú sáńṣọ̀n, ẹ máa ra oògùn yín bó bá ṣe wù yín. Báńkì tí ẹ máa fi sanwó oògùn nìkan ni wọ́n máa tì pa. Wọ́n á wá fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n á ní ta ló dí yín lọ́wọ́? Mo pe ìyẹn ní àánú orí ìwé nínú ọ̀rọ̀ kan, ọ̀gá mi lọ kà á, àwọn èèyàn dìde dúró fún un. N ò mọ̀ pé ọmọ Okun lè ṣe irú rẹ̀. Ó ṣe é, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ, nítorí àwọn òyìnbó ṣì máa ń gba agbẹjọ́rò kí wọ́n tó rí i ṣe.

Mo gbé káàdì tèmi tọ akọ̀wé lọ lẹ́yìn ìpàdé, nítorí ẹ̀ka àárín ìlú ni mo wà, káàdì tèmi sì dúró. Mo ní kó kọ Màmá sábẹ́ orúkọ mi. Ọmọlúàbí èèyàn ni akọ̀wé náà, òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tèmi. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á ní mò ń yẹ òfin sílẹ̀."

"Ìyá tó bí mi ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Abaji ni wọ́n ń sùn."

Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ kan náà ló máa ń lọ kó àwọn àgbà wá lọ́dọọdún. Mo pe awakọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Kò sí ẹni tó ní kó má gbé ará Abaji, ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. "Madam, dem no tell me say make I no carry. But dem no tell me say make I carry. I no want wahala." Ó gé fóònù. Ẹ̀rù ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, òfin kàn jókòó tì í ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Aṣojú pè mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Màmá ni. Ó ní àwọn àlejò pàtàkì máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn dókítà bá dé, òun sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ lórí sáńṣọ̀n àti òfin àgbáyé lójú ọmọ Áfíríkà. Ta ló tún lè bá òun kọ ọ́ bí kò ṣe èmi? Mo ní kò burú. Mo fẹ́ rí bó ṣe máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo tún rò ó pé bí mo bá kọ ọ́ kó dùn, bóyá á gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń kà. Mo kọ ìyá arúgbó sí i. Mo ní ojú ìyá náà ń bàjẹ́, oògùn rẹ̀ wà lódìkejì ẹnubodè, wọ́n sì ti ẹnubodè pa lórúkọ ìlànà. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ó kù kí n kọ àdírẹ́sì wa sí i. Ó pè mí padà, ó ní orí òun wú nígbà tí òun kà á.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ̀gbọ́n mi wọkọ̀ èrò mú Màmá wá láti Abaji. Mo pàdé wọn lẹ́nu géètì. Àwọn àgbà Abaji mìíràn ti wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Káàdì wọn wà lọ́wọ́ wọn, ìbuwọ́lù oníṣu wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Akọ̀wé wò wọ́n, ó dá a padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. Wọ́n gbé omi tútù fún wa. Wọ́n gbé búrẹ́dì fún wa. Wọ́n bi wá bóyá oòrùn kò ta wá jù. A ò lè sọ pé wọn ò tọ́jú wa.

Dókítà ọdún tó kọjá jáde wá sí géètì pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Màmá wọlé, ojú ni òun wá ṣe, òun kò wá dìbò. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ló yá ilé ìwòsàn. Bó bá fipá mú ará Abaji kan wọlé, ẹgbẹ́ á ti gbogbo rẹ̀ pa, àwọn tó ti dùbúlẹ̀ nínú á sì dìde lọ sílé. Dókítà náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo Màmá, omi lé sí i lójú. Ó padà wọlé. N ò bá a bínú.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, gbohùngbohùn sì lágbára, kò sí èyí tí a ò gbọ́. Màmá gbé orí sókè.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí? Ó dùn o."

"Bàbá Aṣojú ni, Màmá."

"Ta ló kọ ọ́ fún un?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbọ́n mi lápá mú. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín, ńṣe ló ń wò mí bíi pé èmi ni mo ti géètì. Nígbà tí Bàbá Aṣojú dé ibi ìyá arúgbó, ó dánu dúró, ó mí kanlẹ̀, ó sì kà á pẹ̀lú ìrora. Gbọ̀ngàn ho yèè.

"Ìyá tó wà nínú ẹ̀ yẹn," Màmá ní, "ṣé wọ́n padà fún un ní oògùn?"

"Ọ̀rọ̀ náà kò dé ibẹ̀, Màmá."

"Ṣé o ò wá lè kọ ọ́ débẹ̀ ni?"

Mo gbé omi tútù lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, Bàbá Aṣojú sin àwọn àlejò rẹ̀ jáde. Ó rí Màmá. Kí ẹnikẹ́ni tó wí nǹkan kan, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀, tòun ti agbádá funfun. Lẹ́bàá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa ni Màmá ti ta ẹ̀wà nígbà èwe rẹ̀, Bàbá Aṣojú sì wà lára àwọn ọmọ tó máa ń jẹ àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó di ọwọ́ Màmá mú. Ó ní inú òun bàjẹ́. Mo gbà pé inú rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́, ìyẹn ló tilẹ̀ bí mi nínú jù.

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin la bá jà," ó ní. "Àwọn tó ń darí yín ni. Bó bá ká ẹ̀yin àgbà lára, ẹ̀yin náà á lè bá wọn wí kí wọ́n tún ìwà wọn ṣe."

"Tiwọn ni ìwà," Màmá ní. "Tèmi ni ojú."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ gbọ́, mo lè ṣe ọ̀nà kan fún yín." Ó yọ fóònù rẹ̀. "Ẹ kàn sọ ọ́ síbí pé wọ́n fipá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ò sì sí lẹ́yìn wọn. Gbólóhùn kan péré. Mo máa fọwọ́ ara mi mú yín wọlé báyìí."

"Àwọn tí a jọ wá ńkọ́?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá. Tiyín kọ́kọ́ ná."

"Ọmọ mi," Màmá ní, "n ò rí ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Ojú tí ǹ bá fi rí i ni mo gbé wá fún yín yìí. Ẹ tún un ṣe ná. Ohun tí mo bá fi rí, màá wá bá yín jẹ́rìí sí i."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò pàtàkì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó sì tètè gbé e mì. Bàbá Aṣojú kò rín. Ó tún na fóònù náà sún mọ́ ọn. Èmi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sọ̀rọ̀ sí Màmá létí.

"Màmá, ẹ sọ ọ́ fún un! Gbólóhùn kan ni. Kò sí ẹni tó máa bi yín."

Inú rẹ̀ ń bí mi gan-an lásìkò yẹn. Mo fẹ́ kó purọ́. Ká ní mo lè yá a ní ẹnu mi ni, ǹ bá ti purọ́ náà, iṣẹ́ mi kúkú ni. Màmá yí ojú sí apá ibi tí ohùn mi ti wá.

"Oníṣu tí ẹ fẹ́ kí n bú yìí ló ń gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá bú u, ṣé ìwọ ni wàá máa wá gbé mi láti Mpape?"

Lẹ́yìn náà ló bá Bàbá Aṣojú sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ ìtàn. Ó ní òun ò ju ọmọ kékeré lọ nígbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti ọjà ìlú wa pa, nítorí pé ìlú kọ baálẹ̀ tó yàn fún wọn. Iyọ̀ wọ́n. Àbúrò òun kan kú láàárín ìgbà náà. Ajẹ́lẹ̀ náà sọ fún gbogbo ìlú pé àwọn kọ́ ni òun bá jà, àwọn olórí wọn ni. "Bí ìwọ náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ yẹn ò mọ̀ wá. Kò jẹ ẹ̀wà ilé wa rí."

Bàbá Aṣojú wúkọ́. Ó ní òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò.

Àwọn dókítà parí iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Obìnrin yẹn fi oògùn tí wọ́n ń kán sójú ránṣẹ́ sí wa, ó ní ká máa fi mú un mọ́ra títí a ó fi rí ilé ìwòsàn mìíràn. A wá a. Ilé ìwòsàn aládàáni pe iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè sọ lẹ́nu. Ti ìjọba gbà wá, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ojú tó wà níbẹ̀ ti kó lọ sí ìlú àwọn tó ń fi sáńṣọ̀n de ayé. Èyí tó kù níbẹ̀, àwọn tó ń dúró dè é pọ̀ ju èrò ọjà lọ. Kó tó kàn wá, ojú náà pọ́n, ó ń ro Màmá dé àárín orí, èébì sì ń gbé e. Ní ọjọ́ tó kàn wá, dókítà tan iná tóróró kan sí i lójú gan-an. Ó ní kí Màmá sọ apá ibi tí iná wà.

"Ṣé ẹ ti tàn án?" Màmá béèrè.

Dókítà pa iná náà. Mo jáde lọ dúró níta, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì bú Bàbá Aṣojú, mo bú ara mi, mo bú oníṣu àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, Màmá ń bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ti lọ́kọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Jahi àti Abaji parí ìjà wọn. Mi ò mọ ẹni tó bẹ ẹnì kejì. Wọ́n jọ jẹ iyán, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi í sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Bàbá Aṣojú àti oníṣu di ara wọn mú nínú rẹ̀, eyín wọn funfun. Abaji ni mo wà lọ́jọ́ náà, mo jókòó ti Màmá. Ó gbọ́ ìró fóònù, ó ní kí ni. Mo sọ fún un.

"Ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún mi."

Mo kà á. Wọ́n ní ìjà ti parí, ohun gbogbo sì ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè síwájú ojú ọ̀tún, ó mì ín lọ, ó mì ín bọ̀.

"Kọ ọ́ sí wọn pé tèmi kò tíì padà."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, n ò fi nǹkan kan kún un. Gbogbo wọn rí i. Ó hàn lórí fóònù mi pé wọ́n ti kà á, Jahi kà á, Abaji náà kà á. Kò sí ẹni tó fèsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan fi àdúrà oṣù tuntun síbẹ̀, gbogbo wọn sì ń ṣe àmín.